Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Àjẹsára Olóròóró fún Adìẹ

Lúkúlúkú, àrùn adìẹ tí àwọn òyìnbó ń pè ní Newcastle, kì í ṣe àlejò ní Ìbàdàn. Àyíká ìlú yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà, láàárín ìparí ọdún 1952 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1953. Ohun tí ó ń bí mi nínú ni bí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀sìn adìẹ ẹlẹ́yin ṣe ń fi owó gidi ra àjẹsára olóròóró tí ó ń dènà rẹ̀, èyí tí wọ́n ti pa fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń lò ó bí ẹni ń lo La Sota, àjẹsára lúkúlúkú mìíràn tí fáírọ́ọ̀sì tirẹ̀ ṣì wà láàyè.

Èkínní, ẹ má ṣe dà á sínú omi mímu. Abẹ́rẹ́ ni.

Èkejì ni fírísà: ẹ má ṣe gbé e síbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń ta oògùn adìẹ ní Mọ́kọ́lá ti sọ mí ní Bàbá Fírísà nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Nílé iṣẹ́, kẹ́míkà bíi fọ́málíìnì tàbí beta-propiolactone ni wọ́n fi ń pa fáírọ́ọ̀sì náà, kí ó má baà lè bí sí i mọ́, ṣùgbọ́n kí ìrísí rẹ̀ ṣì wà tí ara adìẹ yóò fi dá a mọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń pò ó mọ́ òróró, kí ó lè máa wọ ara díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀mí wo ni yìnyín tún fẹ́ bá òkú fáírọ́ọ̀sì tọ́jú? Bí ó bá dì, omi yóò ya kúrò lára òróró, kò sì sí bí a ṣe lè mì ín tó tí yóò padà bọ̀ sípò. Ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí. Ọ̀gbẹ́ni kan láti ọ̀nà Mọ́níyà gbé ìgò tirẹ̀ wá bá mi. Mo gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, omi ti sùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbalaja. Ó ní iná kì í dúró ládùúgbò àwọn, pé fírísà ni kì í tètè gbóná. Ó ti gún ìdajì adìẹ rẹ̀, ó sì ní kí n bá òun mi ìyókù.

Ẹ má ṣe gún un ní tútù nini. Ẹ jẹ́ kí òtútù ara rẹ̀ rọlẹ̀ kí ẹ tó gún un. Ẹ máa pààrọ̀ abẹ́rẹ́.

Ẹni tí kò tíì fún adìẹ rẹ̀ ní àjẹsára alààyè rí, tí ó wá gbójú lé ti olóròóró nìkan, ààbò díẹ̀ ni yóò rí. Bákan náà, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni ààbò náà fi ń dé. Kì í ṣe oògùn fún agbo tí àrùn ti wọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń sọ pé ẹ lè fi fọ́málíìnì ṣe tiyín nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Ní ọdún 1955, ní Amẹ́ríkà, fáírọ́ọ̀sì ṣẹ́kù láàyè nínú àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ tí ilé iṣẹ́ ńlá fi fọ́málíìnì ṣe, ọ̀pọ̀ ọmọdé sì ti ibẹ̀ yarọ. Bí kẹ́míkà náà bá sì pọ̀ jù, yóò ba ìrísí fáírọ́ọ̀sì náà jẹ́, ara adìẹ kò sì ní í dá a mọ̀.

Bí abẹ́rẹ́ bá ṣèèṣì gún yín níka, ẹ gbé ìgò náà dání lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí dókítà lè mọ̀ pé òróró ni ó wọlé, nítorí ìka lè ti ibẹ̀ bàjẹ́.