Ohun Tó Wà Lọ́wọ́ Mi: Bí Mo Ṣe Fọwọ́ Kọ Sáàmù fún Àwọn Màmá Ìjọ Wa

Akólòlò ni mí. Àtikékeré ni, kò sì tíì lọ. Bí wọ́n bá ní kí n dá dúró níwájú èèyàn kí n sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lè há sí mi lẹ́nu títí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á fi bá mi parí rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn ẹgbẹ́ mi a máa fi òwe yẹn ṣe mí lẹ́sín pé bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Nítorí náà, láti ọdún tí mo ti ń jọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Abẹ́òkúta, mi ò ka ẹ̀kọ́ rí, mi ò gba àdúrà sókè rí. Bí wọ́n bá ń wàásù nípa ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún oníkálukú, ńṣe ni mo máa ń tẹrí ba, torí mo ti gbà pé àwọn tó lẹ́nu ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá wí.

Iṣẹ́ àtísìtì ni mo kọ́. Pátákó ṣọ́ọ̀bù, ara mọ́tò, ògiri ilé ìwé, gbogbo ibi tí èèyàn bá ti fẹ́ kí ọ̀rọ̀ hàn lọ́ọ̀ọ́kán. Ọdún mẹ́rin ni mo lò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, ọdún kan gbáko nínú rẹ̀ sì jẹ́ kìkì ìlà fífà. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ tó ń tẹ báńnà ti gba ìgboro, iṣẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ti dín kù púpọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò gbàgbé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn, màmá kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ gbé Bíbélì wọn wá bá mi. Wọ́n ní kí n bá wọn kọ orúkọ wọn sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n lè máa dá a mọ̀ láàárín ti àwọn yòókù. Máákà dúdú ló wà lápò mi. Mo kọ ọ́ gàdàgbà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó ìka méjì. Màmá gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà díẹ̀, wọ́n sì ka orúkọ ara wọn jáde, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní, "Àtísìtì, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ka nǹkan kẹ́yìn nínú ìwé yìí. Mo kàn máa ń ṣí i sórí ẹsẹ̀ ni, kí n má baà dá yàtọ̀."

Mo bi wọ́n pé bí ẹnì kan bá kọ inú rẹ̀ gàdàgbà báyìí, ṣé wọ́n á rí i kà? Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ta ló fẹ́ jókòó kọ ọ́, ọmọ mi?"

Ó pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ó jáde: "Èmi ni, Màmá."

Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo kọ́kọ́ bá ìyàwó mi àti Ìyá Ìjọ sọ̀rọ̀ pé kí àwọn màmá tí ojú ń dùn lọ sí ilé ìwòsàn ojú ná. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí fi èyí ṣáájú. Ìwé gàdàgbà kì í ṣe oògùn. Ohun funfun tó máa ń bo ẹyinjú àgbàlagbà ṣeé fi iṣẹ́ abẹ mú kúrò, ẹlòmíràn sì wà tó jẹ́ pé awò tó bá ojú rẹ̀ mu ni kò ní. Àwọn méjì lọ, wọ́n gba awò, wọ́n sì padà sí Bíbélì wọn. Ó ku méje.

Mo bi àwọn méjèèje léèrè Sáàmù tí wọ́n fẹ́. Bí wọ́n ti ń dárúkọ ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, èyí tó jọ jù ni mo mú: 20, 23, 24, 27, 46, 51, 91, 103, 121, 130. Mo ka ẹsẹ wọn pọ̀, ó jẹ́ 123. Ní ìlọ́po méje, 861. Nígbà tí mo rí iye yẹn, mo ti ìwé náà sẹ́yìn fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ohun tó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ni pé mo lọ dán an wò. Mo kọ ẹsẹ kan náà ní ìwọ̀n mẹ́rin, mo sì gbé e lọ sílé Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní ìrọ̀lẹ́, torí aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n máa ń gbàdúrà, tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì ń lò. Ibi tí ojú ọ̀sán ti rí nǹkan kọ́ ni ojú tọ́ọ̀ṣì ti ń rí i. Èyí tó ga tó sẹ̀ǹtímítà kan ni wọ́n kà láìdúró. Mo rò pé èyí tó tóbi jù á dùn mọ́ wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló ń wọ ìlà kan nínú rẹ̀. Kí ojú tó dé òpin, ó ti gbàgbé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé funfun tó ń dán ń ta iná tọ́ọ̀ṣì padà sí wọn lójú. Bírò aláwọ̀ búlúù ń pòórá. Nọ́ńbà ẹsẹ tí mo fi pupa kọ, bí àwa àtísìtì ti fẹ́ràn láti máa ṣe, wọn ò rí i rárá. Gbogbo rẹ̀ wá di dúdú, lórí káàdìbọ́ọ̀dù aláwọ̀ wàrà, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń rà. Mo gé ọ̀kan sí mẹ́rin. Ojú kan ṣoṣo ni mo ń kọ, torí máákà máa ń là kọjá.

Ìlà fífà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí wà fún èdè tiwa. Lẹ́tà Yorùbá ń fẹ́ àyè lókè, ó ń fẹ́ àyè nísàlẹ̀. Àmì ohùn ń bẹ lórí, ẹsẹ̀ ẹ àti ọ àti ṣ ń bẹ nísàlẹ̀. Bí ìlà bá súnmọ́ra, àmì tó wà lábẹ́ ìlà òkè á lọ jókòó lórí ìlà ìsàlẹ̀, ẹni tí ojú ń dùn kò sì ní mọ èwo ni ti èwo. Èèyàn á fẹ́ ka "ọ̀run", á ka "ọrùn". Nítorí náà, sẹ̀ǹtímítà kan fún lẹ́tà, sẹ̀ǹtímítà kan fún àlàfo, ìlà 14 lójú ewé kan. Pẹ́ńsù ni mo fi ń fà á, fẹ́ẹ́rẹ́, kí ó lè ṣeé parẹ́. Tí mo bá fa ìlà ewé mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ mi máa ń yá sí i lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ àkọtọ́ fẹ́ẹ̀ dá mi dúró. Bíbélì àtijọ́ tí àwọn màmá ń lò kọ "yio", "enia", "aiye", àmì ohùn inú rẹ̀ sì kéré. Ìlànà tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ni wọ́n fi kọ́ èmi nílé ìwé. Mo bá ṣe gbogbo rẹ̀ ní tuntun, mo sì ń tún èyí tó dà bíi pé ó ti gbó ṣe lọ́nà. Nígbà tí mo gbé Sáàmù 23 dé, Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ dúró lórí ọ̀rọ̀ kejì. Mo kọ "Olúwa ni". Wọ́n ní, "Olúwa li Olùṣọ́-àgùntàn mi ni mo kọ́ lẹ́nu ìyá mi. Ta ló yí i?" Mi ò lè dáhùn. Mo ya ewé yẹn. Láti ọjọ́ náà, mo fi gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bó ti wà. "Yio" di "yóò", torí ohùn kan náà ni. Mo fi àmì ohùn kún un. Ṣùgbọ́n "li" dúró ní "li". Ohun tí èèyàn ti fi gbàdúrà fún 60 ọdún kì í ṣe ti àtísìtì láti tún ṣe.

Alẹ́ ni mo ń kọ ọ́, lẹ́yìn oúnjẹ, ẹsẹ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lójúmọ́. Ní àkókò yẹn ni mo ń ka Ìwé sí àwọn ará Róòmù fún ara mi, mo sì kan ẹnì kan ní orí 16, ẹsẹ 22, tí mo ti ń ka kọjá láti ìgbà èwe mi. Tertiu ni, bí Bíbélì àtijọ́ ti kọ ọ́. Òun ló mú kálàmù dání nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan péré ló dá sọ nínú lẹ́tà yẹn, pé òun tó kọ ọ́ kí wọn nínú Olúwa. Kò sí ìwàásù rẹ̀ kankan níbì kankan. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan la ní. Mo gbé máákà sílẹ̀, mo jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́.

Ará Abẹ́òkúta ni mí, mi ò lè ka Róòmù kí n má rántí Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, wọ́n gbà á sílẹ̀ lójú omi ní ọdún kejì, ó sì dé Abẹ́òkúta yìí gẹ́gẹ́ bí oníwàásù ní 1846. Ní ọdún yẹn kan náà ló tún rí ìyá rẹ̀, Afàlá, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Ní 1848, ìyá náà ṣèrìbọmi. Ìwé sí àwọn ará Róòmù tí Crowther túmọ̀ jáde ní 1850, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde nínú gbogbo Bíbélì Yorùbá. Bíṣọ́ọ̀bù ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, láti 1864. Èmi rò ó síbi ìyá rẹ̀: ọmọ kan jókòó, ó wá bí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣe máa dún ní èdè tí ìyá òun gbọ́. Mo gbà lọ́kàn mi pé ibi tí iṣẹ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ni tèmi náà ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé máákà àti káàdìbọ́ọ̀dù ni tèmi.

Àṣìṣe mi tó burú jù wáyé nínú Sáàmù 103. Ẹsẹ 12 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Bí", ẹsẹ 13 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Bí". Nígbà tí mo kọ ẹsẹ 12 tán, ojú mi rí "Bí" kejì, mo rò pé èyí tí mo ti kọ ni, mo fò ó, mo sì kọ ọ́ lọ títí dé òpin. Ìwé kẹta ni mo wà kí n tó mọ̀. Ẹsẹ tí mo fò ni "Bí bàbá ti í ṣe ìyọ́nú sí àwọn ọmọ". Mo tún ewé méjì méjì kọ nínú ìwé mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò fọkàn tán ojú ara mi mọ́. Ọmọbìnrin mi, tó wà ní kíláàsì kẹfà, ló ń di Bíbélì mú tó ń kà á sókè, èmi á máa fi ìka tẹ̀ lé e nínú tèmi. Èèyàn méjì ni kó máa yẹ irú iṣẹ́ yìí wò, ẹnì kan kò tó.

Dídi ìwé kò gba àkókò. Ìwé kọ̀ọ̀kan tó ewé 36, ó sì nípọn, okùn lásán kò lè mú un. Ará ìjọ wa kan tó ń rán bàtà fi abẹ́rẹ́ ńlá rẹ̀ rán ẹ̀yìn wọn, kò gba kọ́bọ̀. Páálí ni mo fi ṣe èèpo wọn, àwọn aránṣọ sì fún mi ní àjákù ańkárá láti fi bò ó, oríṣiríṣi méje, kí màmá kọ̀ọ̀kan lè mọ tirẹ̀ láti òkèèrè. Lẹ́yìn Àjíǹde ni mo bẹ̀rẹ̀, ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ìwé keje parí.

Mi ò fẹ́ kí wọ́n pè mí síwájú ìjọ, Bàbá Àlùfáà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà àdúrà àwọn ìyá, ni mo kó wọn lọ. Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ gba tiwọn, wọ́n fọwọ́ pa ańkárá rẹ̀, wọ́n ṣí i, wọn ò sọ nǹkan kan. Màmá kan tí kò kàwé rí bi mí bóyá òun náà lè gba ọ̀kan. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí n parí ìkórè, màá ṣe tiwọn, màá sì máa wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láti fi lẹ́tà hàn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá Ìjọ ní kí a ka 103. Mo ti fẹ́ jáde, wọ́n ní, "Àtísìtì, ẹ jókòó, ẹ bá wa kà á."

Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, a jọ ń wo ìwé kan. Gbogbo akólòlò ló mọ̀ pé tí ohùn bá pọ̀, tí a jọ ń sọ ọ́, ahọ́n máa ń tú. A ka ẹsẹ 11. A ka ẹsẹ 12. Ìka wọn ń lọ lábẹ́ ìlà tí mo fà, kò yára, kò dúró. Nígbà tí ó dé 13, èmi àtàwọn la jọ ṣí ẹnu, "Bí bàbá ti í ṣe ìyọ́nú sí àwọn ọmọ", ó sì jáde lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.