Bí mo ṣe gba ṣaasí jíìpù wa lọ́wọ́ ìpẹtà

Òòlù kékeré ló tú àṣírí. Mo ń fi gbá abẹ́ jíìpù tí bàbá mi fi sílẹ̀, irin ń dún gan-an gan-an. Bí mo ṣe dé apá ẹ̀yìn, ó dún pọ̀ọ̀, orí òòlù sì wọlé.

Ìta dán, inú ló ti jẹ tán. Irin ṣaasí, ìyẹn férémù tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró, ṣófo nínú bí ọparun, wọ́n sì dá ihò kéékèèké sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi lè máa jáde. Ẹrẹ̀ pupa ọ̀nà oko wa lápá Ìkòyí-Ilé ti dí gbogbo rẹ̀ pa. Òjò ọdún mélòó ló ti dúró síbẹ̀!

Ẹ̀gbọ́n ajórin kan nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ ní ká kọ́kọ́ tú táǹkì epo kúrò, ká sì yọ okùn bátìrì. Ẹ má fojú kéré èyí o. Mo fẹ́ kó kàn lẹ irin mọ́ ojú ihò náà, ó kọ̀. "Àbúrò, irin tó ti jẹ ò lè di irin mú." Ó gé e títí tó fi kan irin tó le, ó wá jó irin pẹlẹbẹ mílímítà 3 síbẹ̀.

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á mọ́, mo kun ọ̀dà tó ní zinc nínú, lẹ́yìn náà ọ̀dà dúdú. Inú gan-an ni iṣẹ́ wà: mo po gírísì mọ́ ẹ́ńjìn ọ́ìlì tuntun, mo fi rọ́bà tín-ín-rín fín in wọlé títí tó fi ń kán láwọn ihò ìsàlẹ̀.

Ní báyìí, bí òjò bá ti dá, mo máa ń fi wáyà la àwọn ihò náà.