Àwọn awo sílíkọ́nì mi tò, kí ló dé tí agbára muon kò ṣe déédéé?

Ìbéèrè, láti Àgọ́-Ìwòyè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ya ẹ̀rọ tó ń tọpa muon (èérún bíi ẹ̀lẹ́kítírọ́nì tó wúwo jù ú lọ, tó lè ní iná + tàbí −) sórí kọ̀ǹpútà: ìpele awo sílíkọ́nì mẹ́wàá tó yí ibi ìkọlù ká, òòfà rẹ̀ tesla 3.8 bíi ti CMS, ẹ̀rọ ńlá tó ń tọpa èérún ní CERN, ilé ìwádìí fisíìsì ní Yúróòpù. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sún àwọn awo kúrò láyè wọn, mo ní kí Millepede, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi ìlà èérún ṣírò ipò awo, wá ipò wọn padà. Ìṣirò kọ̀, awo kan tilẹ̀ sá lọ sí mítà mélòó kan.

Ìdáhùn: Àbúrò, o kò kan ohunkóhun mọ́lẹ̀ ni. Bí gbogbo ẹ̀rọ bá jọ sún tàbí tó jọ yí, àlàfo láàrin ibi tí muon ti kan awo àti ibi tí ìlà rẹ̀ ní ó yẹ kó kàn kò yí padà. Fi ìdè mẹ́fà sí i, mẹ́ta fún sísún, mẹ́ta fún yíyí, kí àpapọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ òdo.

Ìbéèrè: Ó yanjú, ẹ ṣé. Àlàfo ti jókòó sórí òdo. Ṣùgbọ́n agbára muon + ga ju èyí tí mo fún un lọ, ti muon − sì rẹlẹ̀. Nígbà tí mo so wọ́n pọ̀ láti wọn Z, èérún tó máa ń fọ́ sí muon + àti muon −, èyí tí muon + rẹ̀ lágbára jù ń ga ju ìwọ̀n Z tí a mọ̀, 91.2 GeV, lọ, èyí tí muon − rẹ̀ lágbára jù ń rẹlẹ̀.

Ìdáhùn: Àmì tí o rí lára Z yẹn gan-an ló tú u fó. Àwọn ìpele rẹ ti yí, ti òde ju ti inú lọ, ìlà muon sì tẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Bí òòfà ṣe tẹ ìlà la fi ń mọ agbára, ó sì ń tẹ + àti − sí ọ̀nà òdìkejì, ìdí nìyẹn tí ọ̀kan fi ga tí èkejì sì rẹlẹ̀. Ìwọ náà ti wo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ní Ojúde Ọba rí. Bí ìlà kan bá jọ ń fì sósì bí wọ́n ṣe ń jó bọ̀, èjìká ẹnìkejì ni ẹni àárín ń wò, ó sì gbà pé àwọn tò. Ẹni tó jókòó níwájú ló mọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni èmi fi ń wo àlàfo nìkan kí n tó gbà bẹ́ẹ̀.

Z ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́: so ìlà muon méjèèjì pọ̀ mọ́ ìwọ̀n tí a ti mọ̀ fún un. Ẹlẹ́rìí tí mo fẹ́ràn jù ni muon tó ń rọ̀ láti ojú sánmà. Bí o ṣe ń ka èyí, bí ọ̀kan ń gba àtẹ́lẹwọ́ rẹ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ó ń wọlé lókè, ó ń jáde nísàlẹ̀. Bí o bá wọn ìdajì òkè àti ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀rọ tó yí yóò fún ọ ní agbára méjì fún muon kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá ń gbé e fún Millepede, má pín in: ìlà kan ni, òun ló ń so òkè mọ́ ìsàlẹ̀. Ní 2008, kí LHC, ẹ̀rọ CERN tó ń mú èérún kọlu ara wọn, tó bẹ̀rẹ̀ ìkọlù, CMS tan òòfà fún bí oṣù kan, wọ́n sì gba nǹkan bí 270 mílíọ̀nù irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé bí mo bá tò ó lẹ́ẹ̀kan, ó parí?

Ìdáhùn: Rárá o. Bí wọ́n bá pa òòfà tí wọ́n tún tàn án, tàbí tí ìtutù bá yí padà, awo máa ń sún. Kọ ọjọ́ àti wákàtí sára ìtò kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí o bá fi muon ojú sánmà kún un, fi àwòrán òkè àti ìsàlẹ̀ hàn mí.