Wáyà Sípíkà Tí Kò Wọ́n: Bí A Ṣe Ń Wọ̀n Ọ́n àti Bí A Ṣe Ń Yàn Án

Bàbà lẹ ń fowó rà nínú wáyà sípíkà. Bí bàbà náà ṣe nípọn tó, bí wáyà ṣe gùn tó, àti iye ohm (òdiwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó) tí wọ́n kọ sẹ́yìn sípíkà, àwọn mẹ́ta yìí ló ń pinnu bóyá ohùn á jáde bó ṣe yẹ. Àwọ̀ rọ́bà tó ń dán àti ọ̀rọ̀ dídùn ara páálí, iná kò mọ̀ wọ́n rí. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi wáyà olówó pọ́ọ́kú méjì tàbí mẹ́ta wé ara wọn, iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹ mọ iye bàbà tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹ tó wo wáyà rárá, ẹ wọn ọ̀nà tó máa gbà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ámpílífáyà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára, ẹ tẹ̀ lé ẹsẹ̀ ògiri, ẹ yí gbogbo igun tí wáyà máa yí, títí ẹ ó fi dé ẹ̀yìn sípíkà. Ẹ fi ìdajì mítà kún un lápá méjèèjì, torí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ máa fa sípíkà síwájú láti gbálẹ̀, wáyà tó ti nà tán á sì já ara rẹ̀ gbà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka nọ́ńbà ohm tó wà lẹ́yìn sípíkà: 8, 6 tàbí 4. Ẹ má fọkàn tán nọ́ńbà yẹn jù. Sípíkà tí wọ́n kọ 8 sí lára lè wálẹ̀ sí 6 tàbí 5 níbi àwọn ohùn kan, kó sì gòkè ju 20 lọ níbi òmíràn.

Ìdíwọ́ inú bàbà

Kò sí bàbà tí kì í dí iná lọ́wọ́, ìdíwọ́ rẹ̀ kàn kéré ni. Mítà 1 bàbà tó jẹ́ 0.75 mm² (mm² ni ìwọ̀n ojú bàbà níbi tí a bá ti gé e, òun ló ń sọ bó ṣe nípọn tó) ní nǹkan bí 0.023 ohm. Ti 1.5 mm² jẹ́ 0.0115, ti 2.5 mm² jẹ́ 0.007, ti 4 mm² sì jẹ́ 0.0043. Ẹ rántí pé iná ń gba ojú kan lọ, ó ń gba ojú kejì bọ̀. Wáyà mítà 5 jẹ́ mítà 10 bàbà. Ibẹ̀ ni ìṣirò ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dojú rú.

Òdiwọ̀n tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń lò ni pé kí ìdíwọ́ lílọ àti bíbọ̀ má ju 5 nínú 100 ohm sípíkà lọ: 0.4 fún sípíkà 8 ohm, 0.2 fún ti 4 ohm. Ìdajì ìyẹn ni àwa ń gbà yín nímọ̀ràn láti lò, torí 8 ẹ̀yìn sípíkà kì í dúró sí 8. Bí a bá fi ìdajì yẹn ṣírò, gígùn tí wáyà ò gbọdọ̀ kọjá fún sípíkà 8 ohm nìyí:

0.75 mm²: mítà 4
1.5 mm²: mítà 8
2.5 mm²: mítà 14
4 mm²: mítà 23

Fún sípíkà 4 ohm, ẹ dá gígùn kọ̀ọ̀kan sí méjì. Ẹ ó rí i pé 1.5 mm² tó fún ọ̀pọ̀ yàrá, 2.5 mm² sì tó fún gbogbo rẹ̀, àfi ibi tó jìn gan-an. Ẹni tó bá ń ta 6 mm² fún yín fún sípíkà tó wà ní mítà 3, ara rẹ̀ ló ń ràn lọ́wọ́.

Kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí wáyà bá kéré jù? Ẹ jẹ́ ká mú 0.75 mm² tó gùn ní mítà 5. Ìdíwọ́ rẹ̀ jẹ́ 0.23 ohm. Lórí sípíkà 8 ohm, ó ń jẹ nǹkan bí 0.25 dB nínú ohùn (dB ni òdiwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó). Lórí ti 4 ohm, nǹkan bí 0.5 dB. Ká ní ohùn kàn wálẹ̀ ni, ẹ ò bá fọwọ́ yí i sókè, kó sì tán síbẹ̀. Àmọ́ ohm sípíkà ń gòkè ó ń sọ̀kalẹ̀ bí orin ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ibi tó bá ti wálẹ̀ ni wáyà tín-ín-rín ti ń bù ú jẹ jù. Ohùn kan á fà sẹ́yìn, èkejì á yọrí ju bó ṣe yẹ lọ. Tí wáyà bá wá gùn tó sì tún tín-ín-rín, béèsì ò ní mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́ mọ́, á máa fà nílẹ̀.

Àwọn wáyà kan wà tí wọn kì í kọ mm² sí lára, AWG, ìyẹn òdiwọ̀n wáyà ti Amẹ́ríkà, ni wọ́n ń kọ. Nọ́ńbà AWG ń kéré sí i bí wáyà ṣe ń nípọn sí i: 18 jẹ́ nǹkan bí 0.8 mm², 16 jẹ́ 1.3, 14 jẹ́ 2.1, 12 jẹ́ 3.3. Ẹ yí gbogbo rẹ̀ sí mm² kí ẹ tó fi owó wọn wéra, torí àwọn tó ń tà á máa ń pe 16 AWG ní 1.5 mm², bẹ́ẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀.

Bàbà gidi àti èyí tí wọ́n fi bàbà bò

Wáyà méjì lè jọra bí ìbejì, kí ọ̀kan jẹ́ bàbà látòkè délẹ̀, kí èkejì jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lára. CCA ni orúkọ irú kejì yìí, bí ẹni tó ṣe é bá jẹ́ olóòótọ́ débi tó fi kọ ọ́ sára páálí. Ìdíwọ́ rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po kan àtààbọ̀ ti bàbà tó nípọn bákan náà, tàbí kó lé díẹ̀. Ìyẹn ni pé CCA 2.5 mm² ń ṣiṣẹ́ bíi bàbà 1.6 mm².

CCA kì í ṣe májèlé. Bí ẹ bá mú èyí tó fi ìwọ̀n kan nípọn ju ohun tí ẹ nílò lọ, tí sípíkà sì dúró sójú kan, ohùn rẹ̀ kò ní yàtọ̀. Orí rẹ̀ ni wàhálà rẹ̀ wà. Fọ́nrán alumíníọ̀mù máa ń kán tí a bá ń lọ́ ọ léraléra, ó máa ń wọlẹ̀ lábẹ́ nọ́ọ̀tì títí tí ìdè á fi dẹ̀, ojú ibi tí a ti gé e kì í sì pẹ́ bàjẹ́. Ẹni tó ń gbé sípíkà kiri, kó ra bàbà.

Ní ti OFC, ìyẹn bàbà tí wọ́n ti yọ ọ̀pọ̀ afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kúrò nínú rẹ̀, bó ṣe ń gbé iná kò fi ju nǹkan bí 1 nínú 100 dára ju bàbà lásán lọ. Etí kankan ò lè gbọ́ ìyẹn. Tí OFC àti bàbà lásán bá jẹ́ iye kan náà, ẹ mú OFC. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Láti mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ fa fọ́nrán kan yọ, ẹ fi bíléèdì ha á níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bàbà á máa pupa lọ títí. CCA á di funfun lábẹ́ bíléèdì. Ẹ má ṣi bàbà tí wọ́n fi tánńganran bò mú o: tirẹ̀ funfun lóde, ó pupa nínú, wáyà tó dára sì ni.

Ìwúwo náà kì í parọ́. Bàbà inú mítà 10 wáyà olójú méjì 2.5 mm² tó nǹkan bí 450 gíráàmù láìka rọ́bà; ti 1.5 mm² tó 270. CCA kò tó ìdajì ìyẹn. Rọ́bà nípọn ju ara wọn lọ, nítorí náà ẹ fi èyí ṣe ìfura lásán, kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ̀rí gan-an wà lọ́wọ́ mítà tí wọ́n fi ń wọn ohm. Mítà olówó kékeré kò lè ka 0.1 ohm dáadáa, torí wáyà tirẹ̀ fúnra rẹ̀ lè ní 0.1 sí 0.3. Ẹ má fi wọn wáyà tó gùn ní mítà 3 péré, odidi róòlù ni kí ẹ wọ̀n. Ẹ so ojú méjèèjì pọ̀ ní ìparí róòlù, ẹ fi mítà kan ojú méjèèjì ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ ka nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà ẹ fi ẹnu wáyà méjèèjì tó wà lára ẹ̀rọ mítà náà kan ara wọn, ẹ yọ ohun tó bá kọ kúrò nínú ti àkọ́kọ́. Róòlù mítà 50 tí wọ́n pè ní 1.5 mm² yẹ kó fún yín ní nǹkan bí 1.15 ohm. Tó bá jẹ́ 1.75 ni ẹ rí, CCA ni, àbí kí bàbà rẹ̀ má tó iye tí wọ́n kọ.

Bàbà tí kò tó iye yẹn pọ̀ ju CCA lọ nígbà mìíràn. Rọ́bà tó nípọn ni wọ́n fi ń bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ bó orí wáyà, ẹ ka fọ́nrán, ẹ wọn ìnípọn fọ́nrán kan, ẹ wá fi ìnípọn yẹn lọ́nà ara rẹ̀, lọ́nà iye fọ́nrán, lọ́nà 0.785. Fọ́nrán 30 tó jẹ́ 0.25 mm yóò fún yín ní 1.47 mm², ìyẹn 1.5 tó pé. Fọ́nrán 50 tó jẹ́ 0.25 mm jẹ́ 2.5. Tí páálí bá sọ pé 2.5, tí ẹ sì ka fọ́nrán 50 tó jẹ́ 0.20 mm, 1.57 ni wọ́n tà fún yín.

Àwọn wáyà míì tí a lè lò

Wáyà iná tó rọ̀, èyí tí wọ́n fi ń ṣe okùn fáànù àti áyọ́ọ̀nù, dára fún sípíkà tó bá jẹ́ bàbà. Iná kò mọ orúkọ tí wọ́n fi tà á. Ewu rẹ̀ ni pé ẹlòmíì lè rí i nílẹ̀, kó rò pé okùn iná ni, kó fi plọ́ọ̀gì sí i lórí. Ẹ lẹ àmì mọ́ ọn lápá méjèèjì. Wáyà inú ògiri tó jẹ́ ẹyọ kan gbagidi náà ń gbé ohùn, àmọ́ tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ po nígbà mélòó kan, á kán nínú rọ́bà láìjẹ́ pé ẹ rí i. Àwọn kan ń lo wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì: fọ́nrán mẹ́jọ inú rẹ̀, mẹ́rin sí ojú kan, mẹ́rin sí èkejì, kò ju 0.8 mm² lọ. Wàhálà ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ ju èrè lọ.

Ohun kan tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni pé kí ẹ gba ojú pupa lọ́nà kan, kí ẹ gba ojú dúdú lọ́nà tó jìnnà sí i. Ojú méjèèjì gbọ́dọ̀ rìn pọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ohùn òkè (tírẹ́bù) á bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ní ti ọfà ara rọ́bà, iná ohùn ń lọ ó ń bọ̀ ni, kò ní apá kan tó dojú kọ. Ìlà tàbí lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sí ojú kan ṣoṣo ló wúlò: òun ni ẹ ó fi mọ ojú pupa yàtọ̀.

Orí wáyà

Ẹ kọ́kọ́ pa ámpílífáyà. Tó bá jẹ́ irú àtijọ́ tó ń lo gílóòbù onígíláàsì (valve) nínú, ẹ má tàn án láé láìsí sípíkà lẹ́nu rẹ̀, torí ó lè jó.

Ẹ ya ojú méjèèjì sọ́tọ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 4, ẹ bó rọ́bà tó 10 sí 12 mm. Ẹ má jẹ́ kí bíléèdì gé fọ́nrán. Tí ó bá gé bíi márùn-ún nínú 30, ẹ gé orí yẹn dànù, ẹ bó òmíràn. Ẹ lọ́ fọ́nrán papọ̀ dáadáa, ẹ tì í bọnú ihò, ẹ fún nọ́ọ̀tì. Kò gbọdọ̀ sí bàbà tó yọ síta, kò sì gbọdọ̀ sí rọ́bà lábẹ́ nọ́ọ̀tì. Fọ́nrán kan péré tó bá fara kan ojú kejì, ṣọ́ọ̀tì ni, ámpílífáyà á sì sanwó rẹ̀.

Ẹ má yọ́ lẹ́ẹ̀dì sí orí wáyà tí ẹ máa fi nọ́ọ̀tì fún. Lẹ́ẹ̀dì rọ̀, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ á ti pẹlẹbẹ, ìdè á dẹ̀, ohùn á máa já. Ẹnu tó ń fi sípíríǹgì dì í mú kì í sábà gba ju 1.5 mm² lọ, nígbà mìíràn 2.5. Ẹ wo ìyẹn kí ẹ tó ra 4 mm². Pínnì banana, ìyẹn orí irin tí a ń dè mọ́ wáyà láti tì í bọnú ihò, kì í mú ohùn dára sí i, àmọ́ ó mú kí yíyọ àti fífi sí rọrùn, kò sì sí fọ́nrán tó lè sá jáde. 4 mm ni ìwọ̀n rẹ̀.

Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, lápá méjèèjì. Tí ẹ bá yí sípíkà kan sódì, kò ní bàjẹ́, ṣùgbọ́n béèsì á pòórá, ohùn olórin ò sì ní dúró sí àárín mọ́. Tí àmì ara wáyà bá ti parẹ́, ẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́nu ámpílífáyà, ẹ fi bátìrì 1.5 V kan orí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí páálí tó ń mì níwájú sípíkà ńlá bá fò síta, ojú tó wà lórí àmì + bátìrì ni pupa.

Tí ẹ bá fẹ́ fi etí dán wáyà méjì wò, ẹni kejì ni kó máa pààrọ̀ wọn láìsọ fún yín, lórí orin kan náà. Ohùn gbọ́dọ̀ dọ́gba, torí èyí tó bá fi díẹ̀ ròkè ni etí máa ń pè ní èyí tó dára. Ẹ gbé ohùn 100 Hz kan (ohùn tó ń mì nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) sí i, ẹ wọn fólítì lẹ́nu sípíkà, ẹ mú méjèèjì bára dọ́gba. Ẹ ṣe é nígbà 10. Ẹni tó kàn ń méfò á gba bíi 5. Ẹ fẹ́ 9, ó kéré tán.

Tí apá kan bá sì kọ̀ tí kò sọ̀rọ̀ lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ má tíì ra wáyà tuntun. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ fi wáyà òsì sí ẹnu ọ̀tún, ti ọ̀tún sí ẹnu òsì, lẹ́nu ámpílífáyà nìkan. Tí ìdákẹ́ bá ṣí lọ sí sípíkà kejì, ámpílífáyà tàbí ohun tó ń gbé orin wá fún un ló ní ẹ̀bi. Tó bá dúró síbi tó wà, ẹ fi wáyà tó ń ṣiṣẹ́ pààrọ̀ ti sípíkà tó dákẹ́. Bó bá sọ̀rọ̀, ẹ gé sẹ̀ǹtímítà 2 kúrò lórí wáyà àtijọ́ lápá méjèèjì, ẹ bó o lákọ̀tun, ẹ tún fi dán an wò kí ẹ tó jù ú nù.