Kẹ́ ẹ tó bá ara yín jà lórí ìlú tó tóbi jù: àwọn àṣìṣe tá a máa ń ṣe

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá nínú gúrúùpù WhatsApp àwa tá a jọ jáde ilé ìwé. Ẹnì kan ní Ìbàdàn ló tóbi jù ní gbogbo West Africa, ọmọ Èkó kan ní kó lọ jókòó jàre, ṣé Ìbàdàn tí wọ́n ti máa ń ti ṣọ́ọ̀bù ní aago méje alẹ́, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ju screenshot lura wọn. Ọ̀kan ní mílíọ̀nù 9, ọ̀kan ní 15, ọ̀kan ní ó ti lé ní 20, Èkó kan náà ni gbogbo ẹ̀ o. Mo kàn ń wò wọ́n ni, torí kò sẹ́ni tó parọ́ níbẹ̀. Ohun tí wọn ò béèrè ni pé ẹni tó kà á, ibo ló ti bẹ̀rẹ̀, ibo ló sì ti dúró. Ìlú ò kúkú ní odi mọ́ bíi ti ayé àtijọ́, tá a fi lè sọ pé ẹni tó bá ti wà lẹ́yìn odi kì í ṣe ara wa.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù rèé: ẹ má gbé odidi ìpínlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àárín ìlú. Ẹni tó fẹ́ kí Èkó borí á mú iye èèyàn Ìpínlẹ̀ Èkó látòkè délẹ̀, Ẹ̀pẹ́, Àgbádárìgì, Ìkòròdú, Ìbẹjú-Lẹ́kìí, gbogbo ẹ̀ pátá, á wá fi díje pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún tó wà láàárín Ìbàdàn. Ìyẹn ò da. Ẹ jẹ́ ká lo ìkànìyàn 2006, torí òun la kà kẹ́yìn ní Nàìjíríà (wọ́n fẹ́ ka òmíràn ní 2023, wọ́n sún un síwájú). Ìpínlẹ̀ Èkó jẹ́ 9,113,605. Tẹ́ ẹ bá yọ àwọn mẹ́rin tí mo dárúkọ yẹn, ó ku ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ń kà sí ìgboro Èkó, wọ́n sì tó bíi mílíọ̀nù 8. Ẹ wá bọ́ sí Ìbàdàn. Àwọn márùn-ún àárín ìgboro lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 1.3, tẹ́ ẹ bá wá fi àwọn mẹ́fà tó yí wọn ká kún un, ìyẹn Akínyẹlé, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìdó, Lágelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà Àrà, ó di mílíọ̀nù 2.5 lé díẹ̀. Ìbàdàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bímọ. Ẹ tún wò ó, Alímọ̀ṣọ́ nìkan, ìjọba ìbílẹ̀ ẹyọ kan péré l'Ékòó, 1,277,714 ni wọ́n kà níbẹ̀ lọ́dún yẹn. Díẹ̀ ló fi dín sí àwọn márùn-ún Ìbàdàn lápapọ̀. Mo sọ èyí fún ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Bẹẹrẹ, ọjọ́ méjì ni ò fi dá mi lóhùn.

Àmọ́ àwọn ọmọ Ìbàdàn náà ní ọgbọ́n tiwọn, ilẹ̀ ni wọ́n máa ń fà yọ. "Èkó lérò, àwa la nílẹ̀." Òótọ́ ni, ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá yẹn lápapọ̀ jẹ́ bíi kìlómítà 3,080 níbùú-lóròó (ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá gé ilẹ̀ sí àpótí àpótí, kìlómítà kan ní gígùn, kìlómítà kan ní fífẹ̀, iye àpótí tẹ́ ẹ máa rí nìyẹn). Odidi Ìpínlẹ̀ Èkó, t'omi t'ọ̀sà, 3,577 ni. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á ní ha, Ìbàdàn mà tóbi o. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀. Nínú 3,080 yẹn, àwọn márùn-ún ìgboro ò ju bíi 128 lọ. Mi ò ṣì í kọ o, 128. Orí ilẹ̀ kékeré yẹn ni èèyàn tó lé ní ìdajì Ìbàdàn ń gbé. Ìdó nìkan wá gba 986, 103,261 èèyàn péré ni wọ́n sì kà níbẹ̀ ní 2006, ìyẹn bíi èèyàn 105 nínú àpótí kan, nígbà tó jẹ́ pé nígboro ó lé ní 10,000 nínú àpótí kan. Kì í ṣe pé gbogbo Ìdó ló ṣófo, ẹni tó bá mọ Apẹtẹ mọ̀ pé ibẹ̀ kún dẹ́nu. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń bá a lọ tẹ́ ẹ kọjá Omi-Adio, oko ẹ̀gẹ́, oko kòkó àti igbó lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í rí, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n sì kà mọ́ "ìlú Ìbàdàn" kí kìlómítà lè pọ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é, ìlú wo ni ò ní tóbi?

Àwọn ará Ṣáínà ló ṣe èyí dójú ẹ̀. Chongqing, tí àwọn kan máa ń pè ní ìlú tó tóbi jù láyé, ìkànìyàn wọn ti 2020 ní mílíọ̀nù 32 èèyàn ló wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ẹ̀ wá jẹ́ bíi kìlómítà 82,400 níbùú-lóròó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odidi orílẹ̀-èdè Austria. Òkè wà níbẹ̀, oko ìrẹsì wà níbẹ̀, abúlé wà níbẹ̀ lọ rẹrẹ. Ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi orúkọ ìlú pè láti 1997, ìgboro gan-an ò sún mọ́ mílíọ̀nù 32 yẹn rárá. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí i lókè tente lórí lísíìtì kan, ẹ rọra.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ibi tí bọ́ọ̀dà ìpínlẹ̀ bá parí sí ni ìlú parí sí, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, torí ọ̀rọ̀ yẹn kàn mí. Akute ni mò ń gbé. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni. Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tí mo bá jáde láàárọ̀, màá wọ kẹ̀kẹ́, a máa kọjá Alagbole, a máa já sí Ojodu Berger, kò sì síbi tẹ́ ẹ ti máa mọ̀ lójú ọ̀nà pé ẹ ti kúrò ní ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí èkejì. Ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ni, obìnrin tó ń ta àkàrà wà lápá Ògùn, ẹni tó ń ta ẹ̀kọ wà lápá Èkó, àwa la wà láàárín tá à ń ra méjèèjì. Ohun kan ṣoṣo tó lè jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni ìwé owó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ géètì, tí orúkọ ìjọba orí ẹ̀ yàtọ̀. Tí àwọn ará ilé bá pè mí láti òkè pé níbo ni mo wà, Èkó ni mo máa ń sọ. Bó ṣe rí fún ẹni tó ń gbé Arepo, Ibafo, Mowe, Agbara àti Ọ̀tà náà nìyẹn. Ẹ dúró lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní aago mẹ́fà ìdájí kẹ́ ẹ wo mọ́tò tó ń rọ́ bọ̀ láti apá Mowe, ẹ wá sọ fún mi pé àwọn yẹn kì í ṣe ará Èkó.

Kí ló wá dé tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ń fi Èkó wé Cairo, àwa ò sí níbẹ̀? Iye tí wọ́n sábà máa ń kọ fún Cairo, Giza wà nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìpínlẹ̀ ọ̀tọ̀ ni Giza, òdìkejì odò Náílì ló wà. Wọ́n kà á mọ́ ọn torí ó so pọ̀ mọ́ ọn. Tiwa náà so pọ̀ o! Ẹ ò lè fi bọ́ọ̀dà gé Èkó, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kí Cairo fò ó.

Orúkọ náà máa ń tan èèyàn jẹ. Tẹ́ ẹ bá tẹ "Lagos" sí Google, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba ìbílẹ̀ Lagos Island ni wọ́n ń bá yín sọ, torí 209,437 péré ni tìyẹn ní 2006. London ni kẹ́ ẹ fi kọ́gbọ́n. Ibi tí wọ́n ń pè ní City of London, tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ìlú ti bẹ̀rẹ̀, ò tó kìlómítà 3 níbùú-lóròó, àwọn tó ń sùn síbẹ̀ ò sì pé 10,000 nínú ìkànìyàn 2021, nígbà tí London tí gbogbo ayé mọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 8.8. Àwọn èèyàn wa tó kún Peckham ò sí nínú City of London yẹn rárá.

Ọ̀rọ̀ ọdún ńkọ́? Ẹ má fi iye ọdún kan díje pẹ̀lú iye ọdún mìíràn. Àwọn bàbá wa tó máa ń ní Ìbàdàn ju Èkó lọ ò ṣèké, ní 1952 Ìbàdàn jẹ́ bíi 459,000, Èkó ò dé 300,000. Ó di 1963 kí Èkó tó kọjá, 665,000 sí 627,000. Ẹ wo bọ́ọ̀dà tó tún yọjú níbẹ̀ o: Èkó tí wọ́n kọ 665,000 sí yẹn, Èkó ti ìjọba àpapọ̀ nìkan ni, tí Mushin àti Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ Western Region. Tẹ́ ẹ bá ka gbogbo ibi tó ti so mọ́ ọn nígbà yẹn, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967 ni bọ́ọ̀dà tó wá lé ìlú bá.

Ẹ sì má gbàgbé pé ẹni tó kà á náà ń bẹ. Ní 2006 yẹn náà, Àjọ Ìkànìyàn ní mílíọ̀nù 9.1 ni Ìpínlẹ̀ Èkó, Kánò ló sì ṣíwájú pẹ̀lú mílíọ̀nù 9.4. Ìjọba Èkó ní àwọn ò gbà, àwọn náà kà á, tiwọn sì jẹ́ mílíọ̀nù 17.5. Ọdún kan náà, bọ́ọ̀dà kan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì. Inú ibẹ̀ ni gbogbo mílíọ̀nù 20, mílíọ̀nù 15 tẹ́ ẹ̀ ń rí lónìí ti ń wá, ó dá lórí èyí tí oníkálukú fi ṣe ìpìlẹ̀, kó tó wá máa fi àfojúbù kún un lọ́dọọdún. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí wẹ́ẹ̀bù kan tó kọ iye ará Èkó títí dórí èèyàn ẹyọ kan ìkẹyìn, bíi pé ó kà wá láàárọ̀ yìí kó tó mu tíì, ẹ rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ kọjá.

Èyí tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni ti Jakarta, ní orílẹ̀-èdè Indonesia. Ọjọ́ pẹ́ tí Tokyo ti wà nípò kìíní lórí lísíìtì UN, mílíọ̀nù 37 ni wọ́n máa ń kọ fún un. Ó di 2025, UN gbé tuntun jáde, Jakarta di kìíní pẹ̀lú bíi mílíọ̀nù 42, Dhaka ti Bangladesh ṣe ìkejì, Tokyo já wálẹ̀ sí ìkẹta, mílíọ̀nù 33. Àwọn kan ti ń sọ pé ará Jakarta ń bímọ ju eku lọ. Rárá o. Tẹ́lẹ̀, bí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bá ṣe pààlà ìlú ẹ̀ ni UN máa ń gbà á, Jakarta tiwọn sì dúró síbi bọ́ọ̀dà, bíi mílíọ̀nù 10 lé díẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ìlú bíi Bekasi, Depok àti Tangerang ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ní báyìí wọ́n fi àpótí kìlómítà kọ̀ọ̀kan bo gbogbo ayé, bí ìwé ìṣirò ọmọ iléèwé, àpótí tí èèyàn ẹ̀ bá ti tó 1,500 tó sì fara kan irú ẹ̀ míì, wọ́n á so wọ́n pọ̀, tí àpapọ̀ bá ti tó 50,000, ìlú ńlá nìyẹn, kò kàn wọ́n bóyá gómìnà wo ló ń jọba níbẹ̀. Òṣùwọ̀n ló yí padà.

Èmi fẹ́ràn àpótí yẹn, mi ò ní parọ́. Yóò já igbó Ìdó kúrò lára Ìbàdàn, yóò sì jẹ́ kí Èkó ré kọjá Berger wá bá wa. Àmọ́ ọjọ́ tí Nàìjíríà bá tún ka èèyàn, ẹni tó máa kan géètì mi ní Akute, fọ́ọ̀mù Ògùn ló máa wà lọ́wọ́ ẹ̀, màá buwọ́ lù ú, màá sì yára, kí n má bàa pẹ́ dé Ìkẹjà.