Ègé Aṣọ Ṣẹ́dà Mẹ́jọ: Ìdárayá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún Ẹni tí Àárẹ̀ Jẹjẹrẹ Ń Bá Jà

Bí ẹnì kan nínú ilé yín bá ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i: ó sùn láti alẹ́ dòwúrọ̀, síbẹ̀ ó rẹ̀ ẹ́ nígbà tó jí. Ó wẹ̀ tán, ó ní láti kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ kó tó lè wọṣọ. Àárẹ̀ yìí kò jọ ti ẹni tó ti oko dé, tí oorun alẹ́ kan máa ń mú kúrò. Àìsàn náà fúnra rẹ̀ lè fà á, bẹ́ẹ̀ ni oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń fà sí i lójú iṣan, ìtànṣán tí wọ́n fi ń jó o, àìtó ẹ̀jẹ̀, àìlèjẹun, ìrora àti ìrònú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà, torí bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló lọ sílẹ̀, ìyẹn ní ìtọ́jú tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé kì í jẹ́ kí aláìsàn gbé ẹsẹ̀ mọ́. “Màmá, ẹ jókòó, ẹ sinmi.” Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n iṣan tí kò bá ṣiṣẹ́ a máa joro, tó bá sì joro tán, àtirìn dé ilé ìwẹ̀ á di iṣẹ́ ńlá. Ìsinmi dára, àmọ́ ìsinmi nìkan lè mú kí àárẹ̀ yìí pọ̀ sí i.

Àwọn ará Ṣáínà ní ìdárayá kan tó bá irú ara bẹ́ẹ̀ mu. Baduanjin ni wọ́n ń pè é, ìyẹn “ègé aṣọ ṣẹ́dà mẹ́jọ”, torí ìṣesí mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀. Ó ti wà láti ayé àwọn ọba ìdílé Song (960 sí 1279). Ní 2003, àjọ ìjọba Ṣáínà tó ń bójú tó eré ìdárayá tún un tò kí gbogbo ènìyàn lè kọ́ ọ lọ́nà kan náà. Ọ̀kan lára àwọn ìdárayá tí wọ́n ń pè ní qigong ni, níbi tí èèyàn ti ń rọra gbé ara pẹ̀lú èémí. Ní 2024, ASCO, ẹgbẹ́ àwọn dókítà jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà, ka qigong àti tai chi, ìdárayá Ṣáínà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ mìíràn, mọ́ ohun tó lè dín àárẹ̀ kù nígbà ìtọ́jú. Kì í wo jẹjẹrẹ sàn o. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi rọ́pò oògùn ilé ìwòsàn, ẹ má dá a lóhùn.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é

Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ wá ibi títẹ́jú, aṣọ tí kò fún, àti àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í mì. Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dára jù, kó má jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Kí ẹnì kan dúró tì í. Bí kò bá lè dúró, kó jókòó ṣe é.

Èyí àkọ́kọ́ ni gbígbé ọ̀run sókè, òun ni màá sì ní kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kọ́. Kó so ìka ọwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú ikùn, kó rọra gbé wọn gba iwájú àyà, kó yí àtẹ́lẹwọ́ sókè bí wọ́n ṣe ń kọjá lójú, kó sì nà wọ́n sókè orí. Bó ṣe ń gbé ọwọ́ lọ sókè ni kó máa fa èémí símú; bó ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀ ni kó máa mí jáde. Kó má ṣe sé èémí rárá. Obìnrin tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́mú lè má lè na apá ẹ̀gbẹ́ yẹn tán. Ibi tó bá ti ń fà á ni kó dúró.

Èkejì ni fífa ọrun bí ọdẹ, sápá òsì àti ọ̀tún. Ẹ̀kẹta, ọwọ́ kan lọ sókè, èkejì tẹ ilẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni wíwo ẹ̀yìn pẹ̀lú ọrùn. Orúkọ rẹ̀ ní Ṣáínà mẹ́nu kan “àárẹ̀ márùn-ún àti ìpalára méje”, èyí tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ àárẹ̀ ti wà lọ́kàn wọn tipẹ́. Ẹ̀karùn-ún ni fífi orí àti ìdí yí ká. Ẹ̀kẹfà ni bíbẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀. Èkeje ni dídi ẹ̀ṣẹ́ pẹ̀lú ojú líle. Ẹ̀kẹjọ sì ni gbígbé gìgísẹ̀ sókè, kí a sọ ọ́ kalẹ̀, lẹ́ẹ̀méje.

Ẹni tí jẹjẹrẹ ti dé egungun rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe ẹ̀karùn-ún, ẹ̀kẹfà àti ẹ̀kẹjọ àfi tí dókítà bá gbà á láyè. Ẹni tí òòyì ń kọ́ náà, kó má bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú 12 sí 15 lọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: kó fi ìṣesí méjì bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fi ọ̀kan kún un lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Lọ́jọ́ tí ara bá wúwo, kó dín in kù, kó má fi sílẹ̀ pátápátá. Ó máa ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ìyàtọ̀ tó hàn.

Àgbẹ̀ tó bá ní ebè tí òun ń kọ ti tó ní ìdárayá, ẹ sọ fún un pé ọkọ́ ń gba agbára lára ni. Èyí yàtọ̀.

Ẹ dáwọ́ dúró kẹ́ ẹ sì lọ sílé ìwòsàn

Bí ara bá gbóná, bí àyà bá ń dùn ún, bó bá ń mí gúlegúle, bí ẹsẹ̀ kan bá wú, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde ní imú tàbí èrìgì, tàbí tí ìrora tuntun bá bẹ́ sílẹ̀ ní ẹ̀yìn, ẹ má dúró dọ̀la.

Ẹ fi ìwé kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Lálaalẹ́, kó fi nọ́ńbà sọ bó ṣe rẹ̀ ẹ́ tó: 0 bí kò bá rẹ̀ ẹ́, 10 bó bá rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè dìde. Kẹ́ ẹ kọ ìṣesí tó ṣe lọ́jọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú ìwé náà lọ nígbà tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ rí dókítà.