Bí a ṣe ń fi ewé àti òdòdó ẹ̀yìnkùlé ṣe páálọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, láti ìgbà òjò dé ìgbà ọyẹ́

Òdòdó oníke tó ń gba eruku lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n kò wọ́n nílé wa, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìnkùlé kún fún nǹkan tútù tí ẹnikẹ́ni ò yà wò. Ohun tó fà á ni pé róòsì nìkan la kà sí òdòdó. Níbi tó ń móoru bíi tiwa, ewé gan-an ni ọ̀gá. Ewé croton, igi ọ̀ṣọ́ aláwọ̀ oríṣiríṣi yẹn, tó ti gbó lè wà nínú omi ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láìrọ, àmọ́ hibiscus, pẹ̀lú gbogbo ẹwà rẹ̀, kì í sábà lò ju ọjọ́ kan lọ, ì báà wà lórí igi, ì báà wà nínú ìkòkò. Nítorí náà, ewé la ó kọ́kọ́ tò, òdòdó á wá bá a níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìparí òjò, bí oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, nígbà tí jogbo máa ń yọ òdòdó aláwọ̀ ìyeyè lẹ́bàá títì àti lórí ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́lé sí. Ẹ ó nílò ọ̀pá pèrègún mẹ́ta, ẹ̀ka croton bíi mẹ́rin, jogbo márùn-ún, ṣọkọ yòkòtò tí ẹ ò rí gé lóko ẹ̀fọ́ títí tó fi yọ orí, efinrin tó ti tanná, àti koríko eéran díẹ̀.

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ gé wọn, kí oòrùn tó mú, torí gbogbo òru ni igi fi ń mu omi yó. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi dání lọ sídìí igi. Ẹ má gé e tán kí ẹ tó máa wá omi kiri. Ọ̀bẹ tó mú ni kí ẹ lò, kí ẹ sì gé e ní ìdagẹ̀rẹ̀. Ọ̀bẹ tó kú máa ń tẹ ihò tí omi ń gbà gòkè pa. Lára jogbo, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, tí àárín rẹ̀ ṣì le, ni kí ẹ mú. Ẹ rọra di ọrùn rẹ̀ mú torí ó máa ń ṣẹ́, kí ẹ sì já ọ̀pọ̀ ewé rẹ̀ dànù, nítorí ewé yẹn ló máa ń kọ́kọ́ rọ. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun o! Ewé jogbo korò dé góńgó.

Croton máa ń sun oje tó ń ba aṣọ jẹ́. Ẹ ti ìdí rẹ̀ bọ omi gbígbóná fún bí ìṣẹ́jú àáyá ogún, oje náà á dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo wọn sínú omi tó mù wọ́n dé ọrùn, ní ibòji, fún wákàtí méjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ní sùúrù fún èyí, òun ló sì fà á tí òdòdó wọn fi ń tẹrí ba kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ìkòkò amọ̀ tàbí igbá dára ju gíláàsì lọ lójú tèmi, ṣùgbọ́n amọ̀ máa ń sun omi sórí tábìlì, igbá sì máa ń jẹrà. Ẹ ki agolo tòmátò òfìfo sínú rẹ̀, inú agolo ni omi á wà. Tí ẹnu ìkòkò bá fẹ̀, ẹ ká nẹ́ẹ̀tì wáyà tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìyẹ, kí ẹ kì í sínú agolo náà. Òun ni yóò di igi mú. Lítà omi kan, ṣíbí tíì ṣúgà kan, àti ẹ̀kán Hypo mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó. Ṣúgà ni oúnjẹ. Hypo ni kò ní jẹ́ kí omi rùn.

Pèrègún ló kọ́kọ́ wọlé. Kí èyí tó ga jù tó ìlọ́po kan àbọ̀ gíga ìkòkò, kí méjì yòókù fì síta, ọ̀kan sápá ọ̀tún, ọ̀kan síwájú. Ẹ wá fi croton bo ẹnu ìkòkò nísàlẹ̀. Ẹ já gbogbo ewé tó bá máa wọ inú omi. Ẹ ki jogbo sí àárín, kí orí wọn má ṣe dọ́gba, kí ṣọkọ àti efinrin sì wà láàárín wọn. Ẹ máa yí ìkòkò bí ẹ ṣe ń tò ó, torí àlejò kì í jókòó síbì kan ṣoṣo. Eéran ló kẹ́yìn, kò sì gbọ́dọ̀ pọ̀. Tí àlàfo bá wà, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má gbé e sábẹ́ fáànù, ẹ má sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń pọ́n, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára èso pípọ́n máa ń mú kí òdòdó gbó kíákíá. Ọjọ́ méjì-méjì ni kí ẹ máa pààrọ̀ omi, kí ẹ sì gé díẹ̀ kúrò ní ìdí igi. Ẹ̀fọn fẹ́ràn irú omi yìí gan-an, láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni ẹyin rẹ̀ sì lè di ẹ̀fọn tó ń fò.

Nígbà ọyẹ́, ẹ gbàgbé omi. Orí ọkà bàbà, ilá tó gbó tó sì gbẹ, èèpo èso igi flamboyant tó ń dún bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti ṣọkọ tí ẹ so kọ́ ní ìdojúdé síbi òkùnkùn tó ní afẹ́fẹ́ títí tó fi gbẹ: gbogbo wọn á pẹ́ kọjá oṣù kan. Bougainvillea náà máa ń pọ́n fòò nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè rẹ̀. Ẹ já ewé tútù ara rẹ̀ kúrò kó lè lo ọjọ́ mélòó kan. Tí òjò bá tún dé, ẹ da òdòdó frangipani sójú omi nínú abọ́ fífẹ̀. Olómi-òjò, igi olódòdó ìyeyè tí wọ́n ń pè ní yellow oleander, ni mi ò ní fẹ́ kí ẹ gbé wọlé tí ọmọdé bá wà, torí májèlé ni látòkè délẹ̀. Ewé akòko náà máa ń pẹ́ nínú omi, àmọ́ kò ní pẹ́ tí bàbá àgbà kan á fi bi yín pé ta ló jẹ oyè nínú ilé.

Nígbà tí jogbo bá ti rọ, ẹ má da pèrègún nù. Ẹ gbé e sínú omi lásán, láìsí ṣúgà àti Hypo. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, á ta gbòǹgbò, ẹ sì lè gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.